Lẹ́tà sí Olóòtú: Afẹ́fẹ́ lẹ gbàgbé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ọkọ̀ eléré àsápajúdé, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì nìkan lẹ ń sọ, họ́ọ̀sì páwà báyìí, họ́ọ̀sì páwà bọ́ọ̀hún, ẹ ò dárúkọ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀gá níbẹ̀. Panẹ́bítà ni mí n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ bọ́dì ọkọ̀ jẹ mí lógún.

Ẹ wo Bugatti Chiron tí Andy Wallace wà ní Ehra-Lessien, ní Jámánì, ní August 2, 2019. Ó sá eré 490 kìlómítà ní wákàtí. Lóòótọ́ ẹ́ńjìnì ẹ̀ tó nǹkan bíi 1,600 họ́ọ̀sì páwà, ṣùgbọ́n wọ́n tún na ìdí ọkọ̀ yẹn gùn sẹ́yìn ní nǹkan bíi 25 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí nìdí? Afẹ́fẹ́ tó gba orí ọkọ̀ kọjá máa ń já kúrò lára ẹ̀ lẹ́yìn, ibi tó ti já yẹn á wá máa fa ọkọ̀ padà bí ìgbà téèyàn di ẹni tó fẹ́ sá lọ mú láṣọ. Tí ìdí ọkọ̀ bá gùn, afẹ́fẹ́ á bá a lọ pẹ́ díẹ̀ sí i, ìfàsẹ́yìn á dín kù. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o: tí eré bá di ìlọ́po méjì, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọkọ̀ padà á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára ẹ́ńjìnì tí wàá fi bá a jà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣẹ́ ẹ rí i pé àwọn tó ṣe bọ́dì yẹn náà tọ́ sí orúkọ.

Èyí tó ń pààyàn ni kí afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀. Gbogbo wa la ti na ọwọ́ jáde lójú wíńdò dánfó nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ á lọ jẹ́ẹ́jẹ́, àmọ́ gbé orí ìka sókè díẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ á gbá a sókè wìì. Ohun tó ṣe ọkọ̀ ìdíje Mercedes CLR níbi ìdíje Le Mans, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1999 nìyẹn. Èyí tí Mark Webber ń wà ta tàkìtì lẹ́ẹ̀mejì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìdíje wá bẹ̀rẹ̀, èyí tí Peter Dumbreck ń wà gbéra nílẹ̀, ó yí lófuurufú, ó fò kọjá irin ẹ̀gbẹ́ títì, ó bọ́ sáàárín igi. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Imú ọkọ̀ yẹn yọ jáde gan-an kọjá táyà, afẹ́fẹ́ ṣáà ti rí abẹ́ ẹ̀ wọ̀, ó parí.

Bernd Rosemeyer, awakọ̀ ìdíje ará Jámánì, ò rí irú àánú yẹn gbà. Ní January 28, 1938, lójú ọ̀nà Frankfurt sí Darmstadt, ó fẹ́ fọ́ eré 432 kìlómítà ní wákàtí tí Caracciola, awakọ̀ tó ń bá a díje, ṣẹ̀ṣẹ̀ sá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìjì kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ọdún 28 péré.

Ẹ má sọ pé ọkọ̀ ìdíje nìkan ni. Audi TT tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998, ọkọ̀ tẹ́nikẹ́ni lè rà ni, ìdí ẹ̀ máa ń fúyẹ́ lórí eré, èèyàn kú, kí wọ́n tó wá fi spoiler kékeré kan, ìyẹn etí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀, sí búùtù ẹ̀, tí wọ́n sì tún ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe.

Lóṣù tó kọjá ọmọkùnrin kan gbé Accord tókunbọ̀ wá, ó ní kí n kan wing fáíbà gíga kan, ìyẹn apá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, mọ́ búùtù ẹ̀. Mo ní ọmọ mi, táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ yìí, òun náà ló ń yí i, tí afẹ́fẹ́ bá wá tẹ ìdí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, iwájú á fúyẹ́, ní 60 o ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n tó o bá tẹ̀ ẹ́ dé 160 lójú ọ̀nà Èkó ńkọ́? Mo gbé wing yẹn lé búùtù, mo fọwọ́ mì í, páànù yẹn ń jó lábẹ́ ẹ̀. Mi ò ṣe é. Ó bínú gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ apá tó kù yìí, kẹ́ ẹ ya àwòrán bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara ọkọ̀ sí i, kó tóbi dáadáa. Màá gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, torí àwọn míì ṣì ń gbé wing bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Panẹ́bítà kan, Ìbàdàn