Lẹ́tà sí àbúrò mi tó wà ní kámpù àgùnbánirọ̀

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní wọ́n ya ẹsẹ̀ rẹ tó ń dùn ọ́ ní X-ray, wọn ò rí nǹkan kan, o sì fẹ́ padà sórí ìlà paréèdì lọ́la. Jọ̀ọ́, má lọ.

Eegun tó ń sán díẹ̀díẹ̀ kì í tètè hàn nínú X-ray. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nígbà tí ara bá ti ń mọ eegun tuntun bo ojú ibẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara, ló máa ń tètè rí i, àmọ́ èmi náà mọ iye tí wọ́n ń gbà. Torí náà, fi ìka tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ, láti ìdí ìka wá sókè. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń ro ọ́, ó lè jẹ́ àárẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí o tẹ̀ ẹ́ tí o ta gìrì, eegun ni kí o fura sí.

O ní o kò ṣáà ṣubú tí eegun á fi sán. Alààyè ni eegun: ojoojúmọ́ ni ara ń hú èyí tó ti gbó kúrò, tó ń fi tuntun dí i, híhú sì máa ń yá ju dídí lọ. Ìwọ tí o fi odindi ọdún jókòó ti ìwé, tí o wá ń gbẹ́sẹ̀ lu ilẹ̀ líle nínú kánfáàsì pẹlẹbẹ yẹn látìgbà tí fèrè bá ti dún ní ìdájí, ìgbà wo ni ara fẹ́ ráyè dí i? Ní 1855, Breithaupt, dókítà ológun kan ní Prussia, ti kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ẹsẹ̀ wọn wú lẹ́yìn ìrìn gígùn. X-ray ò tíì dé ayé nígbà náà.

Àwọn eegun gígùn tó lọ sí ìka kejì àti ìkẹta ló sábà máa ń sán, àwọn ló sì rọrùn jù. Bí o bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, á jinná. Gìgísẹ̀ náà máa ń sán. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni eegun kékeré tó wà lókè kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, níwájú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè jinná. P.O.P., ẹfun tó máa ń le gbagidi, ni wọ́n máa ń fi dì í, o ò sì ní fi tẹlẹ̀ rárá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdí eegun gígùn tó lọ sí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ náà, alágídí ni; nígbà míì, irin ni wọ́n máa fi dè é pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin wá kù: ṣé nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé? Mo mọ bí o ṣe ń febi pa ara rẹ kí o lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ara tí kò rí oúnjẹ tó lè dá nǹkan oṣù dúró, agbára eegun á sì dín kù. Bí o bá rò pé mo ń bá ọ wí, mò ń bá ọ wí náà ni. Sọ fún dókítà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdí wọ́ ojú ibẹ̀, má sì gbé oògùn ìrora mì kí o lè lọ tò sórí ìlà. Gba ìwé ní kílíníìkì kámpù kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní paréèdì. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni ọ́, fún un ní nọ́ńbà mi. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní tó ṣì ń dùn ọ́, kí wọ́n tún un yà. Èmi ni màá san owó rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ