Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ọkọ̀ yín fi ń pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà ọyẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú ètè gbígbẹ, ẹ sì kú eruku.

Ìyá kan gbé ọkọ̀ wọn wá láti Ìkẹ́rẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Adó, níbi tí a ti ń kun ọkọ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọlọ́kadà kan ló gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kùtùkùtù ni wọ́n dé, wọ́n sì fẹ́ gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ó di ọ̀la. Inú wọn ò dùn rárá, wọ́n ní ṣebí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti rí ìgò àdín lórí àga iwájú, ó ti dì gbagidi bí òrí. Mo ní, "Mà, ohun tó ṣe àdín yín yìí náà ló ń ṣe ọ̀dà wa." Wọ́n wo ìgò náà, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin yòókù pẹ̀lú.

Ọ̀dà ọkọ̀ kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Kílíà, ìyẹn èyí tó ń dán lókè pátápátá, àti hádínà ni wọ́n ń para pọ̀ tí wọ́n fi ń le, ìgbóná ló sì ń tì wọ́n ṣiṣẹ́. Ní 20 dígírì, ó ń gbà tó òru kan gbáko kó tó le débi tí èèyàn lè fọwọ́ kàn án láìbẹ̀rù. Bí irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá gbóná dé 60 dígírì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Ìṣirò tí àwa pẹ́ńtà ń fi sọ́kàn ni pé bí ìgbóná bá fi dígírì 10 wálẹ̀, àsìkò tí ọ̀dà fi ń le á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Tẹmọ́mítà ara ògiri wa ka 17 ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá yẹn wá. Bí mo bá fọ́n kílíà ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́wọ́ títí di ọ̀sán, gbogbo eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti ìhà Sàhárà á sì bà lé e. Ọkọ̀ yín á wá rí bí ẹni pé wọ́n fi gààrí wọ́n ọn.

Àwọn kan ń sọ pé kí a kàn fi hádínà kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ìyẹn. Nínú bọdí fílà pàápàá, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ojú ibi tó wọnú lára ọkọ̀, bí hádínà bá ti pọ̀ jù, àbàwọ́n rẹ̀ á yọ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgàgà lára ọkọ̀ funfun.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tèmi. Mo ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń jó karosíìnì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, mo ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ mú gbóná. Ìgbóná a máa gòkè lọ bá páànù, irin ọkọ̀ nísàlẹ̀ á sì tutù bí imú ajá. Bí a bá sì ń fọ́n ọ̀dà, a kò gbọdọ̀ pa fáànù tó ń fa èéfín síta, nítorí èéfín hádínà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Owó karosíìnì mi wá ni fáànù ń fẹ́ dànù sí títì. Èyí tó burú jù ni iná inú ẹ̀rọ náà. Èéfín tínà, ìyẹn ohun tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, bó bá sì dé ibi tí iná wà, ìtàn á yí padà. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ̀rọ yẹn ti di àga ìjókòó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ báyìí. Àwọn ọmọ kan náà tún dá eédú sínú ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n ń yáná. Omi ni mo dà sí i. Gáàsì tó ń jáde lára eédú kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń pa èèyàn sójú oorun.

Irin la ń mú gbóná báyìí, a ti fi atẹ́gùn sílẹ̀. Oòrùn la kọ́kọ́ ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Àárọ̀ la fi ń ha ọ̀dà àtijọ́, tí a fi ń fi bọdí fílà dí ojú ibi tó wọnú. Tó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá, a ó ti ọkọ̀ síta kó yá oòrùn, a ó wá tì í wọ yàrá kékeré tí a fi sílìn àti ọ̀rá dí, tí a sì ti wọ́n omi sílẹ̀ nítorí eruku. Kílíà náà á ti jókòó sínú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. A kì í gbé e ka iná láéláé. Bí a bá fọ́n ọn tán, fáànù á fa gbogbo èéfín jáde, lẹ́yìn náà la ó tan iná infrared, ìyẹn àtùpà mànàmáná tó ń mú ooru wá, sí ibi tí a kùn nìkan, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Iná yìí kì í bá atẹ́gùn ṣòfò, ara irin ló ń lọ tààrà. A máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ìgbóná rẹ̀, ó jọ èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa nígbà Kòrónà. Bọ́ńpà oníke la ń ṣọ́ jù, kó má baà tẹ̀.

Dísù ló ń gbé iná yẹn bí iná ìjọba bá lọ, òun ni ẹ ń rí nínú rìsíìtì tí a kọ "owó iná" sí. Omi Ìkógòsì ń tú jáde láti inú ilẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá ṣe é fà dé Adó ni, n kò ní dárúkọ dísù fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kánjú, tó lè jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ wa fún òru méjì, kò ní san owó iná kankan.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa gbé ọkọ̀ wá, ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀. Ọkọ̀ tó sùn sínú ilé kì í tutù tó èyí tó sùn síta. Ẹ kó agolo lọ́fínńdà àti láítà inú rẹ̀ kúrò, wọ́n lè bú gbàmù nínú ooru. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi wáàsì kùn ún fún oṣù kan. Ẹ má sì fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ lára rẹ̀, á ha á. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ti gbé ọkọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ìgò àdín sórí tábìlì mi. Ní àárọ̀, ó ń dì. Ní ọ̀sán, ó ń yọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sọ ọ́ di tẹmọ́mítà, wọ́n ní àfi kó yọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gáànù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà. Mà, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ lọ tán kí ẹ tó wá gbà á.