Ogún Náírà 1977 Tí Mo Sanwó Fún, Tí N Ò Rí Gbà

Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe. Rìsíìtì mi wà lọ́dọ̀ yín, n ò ní tún gbogbo ẹ̀ rò.

Owó bébà àtijọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ tà fún mi: ogún náírà ti 1977 ni mo sanwó fún, ti 1984 lẹ fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Dùgbẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe Murtala ló wà lára ẹ̀ ni?" Ó wá gbé e sókè síná, ó ní okùn ààbò wà nínú ẹ̀, àwòrán inú bébà náà sì yọ, kí ni mo tún ń wá? Ó rẹ́rìn-ín, òun àtẹnìkejì ẹ̀.

Ta ló pè é ní ayédèrú? Àwọ̀ ni mò ń sọ! Ti 1977, owó bébà ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó gbé àwòrán gbajúmọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àwọ̀ ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n ló ní. Ní 1984 nìjọba Bùhárí pààrọ̀ àwọ̀ àwọn owó, kí èyí tí wọ́n kó sá lọ sókè òkun lè di bébà lásán. Ìgbà yẹn ni ogún náírà di aláwọ̀ ewé tó ṣú. Ṣé èmi ló yẹ kí n máa kọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á?

Ọ̀gá kan bẹ̀ mí, ó gba owó náà padà, ó ní tó bá di Jímọ̀, òun á pààrọ̀ ẹ̀. Jímọ̀ wo? Mo pè títí, wọ́n ń gbé mi lé ara wọn lọ́wọ́, orin ni mò ń gbọ́ títí káàdì fi tán.

Ẹrù wá dé. Owó onírọ́bà ni! Ládi Kwali amọ̀kòkò wà lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó jáde ní 2007, tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ Mókọ́lá ṣì lè fi ṣe ṣéńjì fún mi. Ẹ sì fi í sínú férémù onígíláàsì, ẹ ṣeun.

Ojúlówó ti 1977 ni mo fẹ́, tàbí gbogbo owó mi, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Bí Ajé tó ń bọ̀ bá kọjá, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lẹ́yìn náà màá gbé férémù yín lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Kí ọmọbìnrin yẹn má sì pè mí o.

Èmi ni oníbàárà yín, títí di Ajé.