Ẹ Má Jẹ́ Kí Omi Jókòó Sára Igi: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ tí Ẹ Ń Tọ́jú Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, àti ẹ̀yin tí ìjọ fi ìtọ́jú ilé lé lọ́wọ́, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan nítorí pé igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, tó ní igi kì í tọ́jọ́, ẹ sọ ti Borgund fún un.

Borgund wà ní Lærdal, ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè. Nǹkan bí ọdún 1180 ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, igi páìnì sì ni wọ́n fi kọ́ ọ títí dé òrùlé. Ó ti lé ní 800 ọdún báyìí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó ṣáájú irú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ri òpó wọn mọ́lẹ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ sì jẹ ìdí òpó náà tán. Ní ti Borgund, wọ́n to òkúta sílẹ̀, wọ́n tẹ́ igi ńlá lé òkúta lórí, orí igi yẹn ni wọ́n wá gbé òpó náà ró sí. Ìdí òpó kò kan ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí ilé náà ká ń gba òjò kó má baà lu ògiri. Òrùlé rẹ̀ sì dà ṣòòròṣò, pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra bí ìpẹ́ ẹja, omi kì í dúró níbẹ̀.

Ọ̀tá igi níbẹ̀ kì í ṣe ikán bíi tilẹ̀ wa, omi ni. Bí omi inú igi bá ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nítorí náà, ìdí ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ kó ewé àti erùpẹ̀ tó bá ti gun igi ìsàlẹ̀ kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ilé kọjá. Ẹ fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún igi náà. Bí ó bá le, ẹ fi sílẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún àkàrà, ó ti jẹrà níbẹ̀. Ẹ má da sìmẹ́ǹtì yí i ká o! Sìmẹ́ǹtì á há omi mọ́ inú igi, ìjẹrà á sì máa lọ níbi tí ojú kò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ibi tó jẹrà nìkan ni kí ẹ gé. Ẹ wá irú igi kan náà tó ti gbẹ dáadáa, inú igi tó le ni kí ẹ lò, kì í ṣe apá ẹ̀yìn tó funfun. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ gbẹ́ lẹ́tà runic, ìyẹn àmì ìkọ̀wé àtijọ́ ilẹ̀ wọn, sára ògiri Borgund. Pákó tí ẹ bá sọ nù kò lè padà wá, bí tuntun tiẹ̀ dára jù ú lọ.

Ọ̀dà ni aṣọ ilé náà. Gbòǹgbò páìnì tó kún fún oje ni wọ́n ń rọra jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, kí ọ̀dà lè ṣàn jáde. Ẹ gbé agolo ọ̀dà sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀. Ẹ má gbé e lé iná, ó ń gbiná. Ọjọ́ tí oòrùn mú, tí igi gbẹ, ni kí ẹ kùn ún, kó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fà á wọnú igi. Bó bá nípọn jù, òkè rẹ̀ á yi, abẹ́ á ṣì rọ̀, oòrùn á yọ́ ọ, á sì ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Ògiri apá gúúsù ni oòrùn ń jẹ jù ní Nọ́wè, òun ló máa ń tètè béèrè ọ̀dà míì.

Ilé tó ti mu ọ̀dà báyìí, ìṣáná kan tó fún un. Ní oṣù kẹfà 1992, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì onígi Fantoft ní ìlú Bergen, ní Nọ́wè. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n parí rẹ̀ ní 1997, ṣùgbọ́n igi tuntun ni. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fura sí èéfín, ẹ fa omi dé ìtòsí, ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́lá wà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Síbẹ̀, ìpinnu ènìyàn náà ń pa ilé. Òfin kan jáde ní Nọ́wè ní 1851 pé ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ gba mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́wàá tó wà ní ìjọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké ni wọ́n wó nítorí rẹ̀. Nínú irú ilé olópòó yìí, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan nígbà kan rí, 28 ló ṣẹ́kù ní Nọ́wè. Borgund náà kéré jù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ tuntun sí ní 1868. Ní 1877, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, Fortidsminneforeningen, gbà á, ọwọ́ wọn ló sì wà títí dòní. Bí ìjọ yín bá fẹ́ ilé tó gbòòrò, ẹ wá ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kí ìpàdé tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni, àgbà yín.