Àjàní, Má Fojú Kéré Ihò Ìṣó

Ṣakí

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí o ti pè mí lálẹ́ àná pé o tẹ ìṣó lára pákó níbi iṣẹ́ káfíńtà rẹ ní Bódìjà, n'Íbàdàn, tí ó gba inú sílípáàsì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, ọkàn mi kò balẹ̀. O ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde, ihò náà kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọgbẹ́ tí ayùn bá ṣá a máa lanu sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fọ ìdọ̀tí jáde, ojú á sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó a máa ti ìdọ̀tí lọ sínú ẹran ara, awọ òkè á sì tètè pa dé, bí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ, kí o wá jẹ́ kí omi tó mọ́ máa ṣàn sí ojú ihò náà pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Má ṣe tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da epo pupa gbígbóná sí i bí ọ̀gá rẹ ti ṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n ńṣe ni epo gbígbóná ń jó ẹran ara, kò sì lè dé ibi tí ìṣó dé. Bákan náà ni kẹrosíìnì, àti oògùn oníhóró tí wọ́n ń tú dà sójú egbò. Gọ́ọ̀sì tó mọ́ ni kí o fi bò ó, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mú sílípáàsì náà, kí o yẹ ojú ibi tí ìṣó gbà wò dáadáa. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti já níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ègé rọ́bà kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ, egbò kì í san bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ wá a. Sọ fún nọ́ọ̀sì, kí o sì mú sílípáàsì náà dání.

Ọ̀rọ̀ àrùn ipá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tetanus, ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù. Àwọn kan rò pé ìdógùn-ún ara ìṣó ló ń fà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀, eruku àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, nítorí náà ìṣó tuntun tó bá ti kan ilẹ̀ lè gbé e. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ti ń gbilẹ̀, ihò tóóró sì bá a lára mu. Ó lè tó ọjọ́ 3 sí 21 kí àmì rẹ̀ tó yọ, nígbà tí egbò lè ti jinná lójú: àgbọ̀n á le, ẹnu kò ní ṣeé là, iṣan ara á sì máa fà. Abẹ́rẹ́ tí mo gbé ọ lọ gbà nígbà tí o pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ti pẹ́, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù. Fún egbò ìdọ̀tí bí èyí, bí ó bá ti ju ọdún 5 lọ tí èèyàn gbà á kẹ́yìn, ó yẹ kí ó gba òmíràn. Lónìí ni kí o lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, má dúró de ìgbà tí yóò máa dùn ọ́. Fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o ní ìyá mi ló ní kí n lọ.

Bí ẹsẹ̀ náà bá wá ń ta ọ́ kíkankíkan ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó wú, tí ó gbóná, tí pípọ́n rẹ̀ ń ràn kálẹ̀, tí ọyún ń jáde tàbí ibà mú ọ, ilé ìwòsàn ńlá UCH kò jìnnà sí Bódìjà, ibẹ̀ ni kí o gbà lọ. Àrùn inú àtẹ́lẹsẹ̀ lè wọ egungun. Má ra oògùn ní kẹ́míìsì fúnra rẹ. Èyí tí dókítà bá kọ fún ọ, lò ó tán.

Mo ń fi owó bàtà aláwọ líle ránṣẹ́ sí ọ. Sílípáàsì kì í ṣe bàtà iṣẹ́ káfíńtà.

Tí wọ́n bá gún ọ lábẹ́rẹ́ tán, gba káàdì, kí o pè mí, kí o ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ.