Kí Owó Ìlú Dé Abúlé Oko Wa

Sí Olóòtú,

Ní òkè Gayo, ní ẹkùn Aceh lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, kọfí ni àwọn ará abúlé fi ń jẹun: ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso rẹ̀ tó bá pọ́n, wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a sì sá a sóòrùn. Òfin ọdún 2014 ní Indonéṣíà sì là á kalẹ̀ pé kí ìjọba máa fi owó ránṣẹ́ sí abúlé kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí gan-an pé, lọ́nà oko Ìjẹ̀bú-Igbó, obì inú apẹ̀rẹ̀ a máa jẹrà kí ọkọ̀ tó yọ nínú ẹrẹ̀. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún wa, kí abúlé wa lè rí owó tún ọ̀nà ṣe.

Ọmọ àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó