Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí àpò àgékù aṣọ tí ẹ pè ní kọ́tìn pọ́ńbélé

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí àpò àgékù aṣọ tí mo rà lọ́wọ́ yín láti fi rán ìdè irun, táì onílábalábá àti yẹtí aláṣọ. Ẹ kọ ọ́ sára àpò náà pé kọ́tìn pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, pé ẹ ti fọ̀ ọ́, àti pé kò sí ègé kankan tó kéré sí sẹ̀ǹtímítà 15 ní fífẹ̀ àti 50 ní gígùn. Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí irú aṣọ tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Mo mú ègé búlúù kan tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ lára, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e pẹ̀lú iná tí à ń fi lọ kọ́tìn, ìyẹn nǹkan bíi 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí n tó ṣẹ́jú, aṣọ ti súnkì, ojú rẹ̀ ti ń dán, etí rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù mi. Kọ́tìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá gé díẹ̀ lára òmíràn, mo gbé e sórí àwo irin, mo ṣáná sí i. Ká ní kọ́tìn ni, ṣe ni ì bá jó wẹ́rẹ́, tí òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Èyí tí ẹ tà fún mi ká jọ, ó yọ́, ó sì di kókó dúdú líle tí èékánná ò lè fọ́. Pọliẹ́sítà ni, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá bí ike hun. Mo dán èyí tó pọ̀ nínú ìyókù wò, ohun kan náà ni wọ́n ṣe.

N ò bá pọliẹ́sítà jà o. Kì í rún, kì í sì tètè ṣá. Ṣùgbọ́n iná áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 150 lọ, kì í sì í gbà kí a tẹ ojú ìrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti kọ́tìn. Bẹ́ẹ̀ orí áyọ́ọ̀nù ni iṣẹ́ kékeré dúró lé. Táì onílábalábá tí igun rẹ̀ ò jókòó, ojú gbogbo ayé ló máa rí i, torí abẹ́ àgbọ̀n ẹni ló wà.

Ti fífọ̀ ńkọ́? Mo rẹ ègé pupa kan sínú omi nínú abọ́ funfun, omi náà sì pọ́n lójú ẹsẹ̀. Sítáàṣì tó wà lára àwọn yòókù ṣì le gbandi. Aṣọ tí a kò tíì fọ̀ máa ń súnkì nígbà àkọ́fọ̀, pàápàá kọ́tìn. Pọliẹ́sítà kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe iwájú tó fi èkejì ṣe ẹ̀yìn, ọjọ́ tí oníbàárà rẹ̀ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ló máa hunjọ. Èmi ni wọ́n máa bú, wọn ò ní mọ̀ yín.

Ìwọ̀n wọn wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdè irun tí rọ́bà ń wà nínú rẹ̀ fẹ́ ègé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì gùn tó 50, kí aṣọ lè ṣù jọ dáadáa lórí rọ́bà tí kò ju nǹkan bíi 20 lọ. Bí aṣọ bá kúrú, ìdè náà á kàn rí pẹlẹbẹ ni. Nínú àpò yín, onígun mẹ́ta ló pọ̀ jù, pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ kọrọdọ tó hàn pé ọrùn ẹ̀wù ni wọ́n ti gé wọn bọ́. Òmíràn ò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ìwọ̀nba àwọn tó gùn, wọ́n gé wọn ní kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn ni pé wọ́n dá wọn gẹ̀rẹ̀ sí bí òwú aṣọ ṣe lọ. Bí mo ṣe ń rán wọn ni wọ́n ń fà, tí wọ́n ń lọ́. Ó ku yẹtí nìkan, iye yẹtí mélòó lèèyàn fẹ́ rán? Mo tún bá píìnì tó ti dípẹtà láàárín wọn. Ọlọ́run ló yọ abẹ́rẹ́ maṣíìnì mi.

Nígbà tí mo pè yín, òṣìṣẹ́ yín dá mi lóhùn pé àgékù ṣáà ni, pé ohun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń dì. Mi ò ní kí ẹ ya aṣọ ìgàn fún mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ ni, kí ẹ kọ ọ́ sára àpò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ kó o sínú tìmùtìmù rà á. Ó wá ní ẹ máa dín owó kù fún mi tí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, kí ẹ sì fúnra yín san owó tí a máa fi kó àpò náà padà wá. Kí ẹ tún yí ohun tí ẹ kọ sára àpò padà: irú aṣọ tó wà nínú rẹ̀ gan-an, bóyá ẹ fọ̀ ọ́ tàbí ẹ ò fọ̀ ọ́, àti ìwọ̀n ègé tó kéré jù. Mo fi àwòrán àwọn ègé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù, àti ti èyí tó yọ́, mọ́ lẹ́tà yìí.

Mo ń retí èsì yín kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí mi ò bá gbọ́, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín